Ìlànà Iṣẹ́ Ọ̀wẹ̀ Nínú Ètò CMake

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ọ̀wẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa máa ń pè. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe bí ó ti wù ú. Bí àwọn ènìyàn bá péjọ láti mọ ilé, tí ẹnì kan ń po amọ̀ tirẹ̀ ní líle, tí ẹlòmíràn ń po tirẹ̀ ní rírọ̀, tí ẹnì kẹta sì ń gbé ìpele tirẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ, ògiri náà yóò wọ́, òrùlé kì yóò sì jókòó lé e dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aṣọ òfì. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń ti orí òfì jáde, rírán ni a sì ń rán wọn pọ̀ kí wọ́n tó di odindi aṣọ. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó, yóò dí aránṣọ lọ́wọ́.

Lóde òní, ọ̀wẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é kì í rí ojú ara wọn rárá. Òun ni ọ̀wẹ̀ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò, láti yẹ̀ wò, àti láti tún ṣe. Ẹnì kan lè jókòó ní Jámánì kí ó kọ apá kan, kí ẹlòmíràn ní Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn sì lò ó láìmọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Kí ni ó ń so irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ tí kò fi tú ká? Ìlànà ni. Èyí yóò hàn kedere bí a bá wo ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CMake, àti àwọn òfin tí ó de ẹni tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ kún un.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí CMake ń ṣe. Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ohun tí ó ń kọ ni kóòdù, èyíinì ni àwọn àṣẹ tí a fi èdè tí ènìyàn lè kà kọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ èdè náà; a ní láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ. Ètò ńlá a máa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì. Àwọn kan gbọ́dọ̀ ṣáájú, àwọn kan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn, gẹ́gẹ́ bí omi ti gbọ́dọ̀ hó kí a tó da èlùbọ́ sí i. Ètò tí ń mójú tó irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ni a lè pè ní ètò ìtòpọ̀.

Síwájú sí i, kò sí ètò ńlá kan tí ń dá gbogbo iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ní láti yá iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ lò. Irú iṣẹ́ àṣesílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dàbí àká tí a kó àgbàdo sí, tí ẹni tí ebi ń pa lè bù nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gbìn ín. Ọ̀kan nínú àwọn àká wọ̀nyí ni zlib, tí Jean-loup Gailly àti Mark Adler gbé jáde ní ọdún 1995. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún fáìlì pọ̀ kí ó má baà gba àyè púpọ̀. Àìmọye ètò ni ó ń bù nínú àká yìí. Ètò ìtòpọ̀ ni ó ní láti wá a rí lórí kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ètò ìtòpọ̀ tí ó kọ́kọ́ lókìkí ni Make, èyí tí Stuart Feldman kọ ní ọdún 1976 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ náà, a sì fi ẹ̀bùn ọlá dá Feldman lọ́lá nítorí rẹ̀ ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan wà nínú Make tí ó ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ìlà tí a bá kọ àṣẹ sí gbọ́dọ̀ fi àmì táàbù bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ àlàfo lásán dípò táàbù, Make yóò kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì nínú ìwé. Feldman sọ lẹ́yìn náà pé kò pẹ́ tí òun kọ Make tí òun fi rí i pé ọ̀rọ̀ táàbù kò dára tó. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn bí ènìyàn méjìlá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ń lò ó, kò sì fẹ́ ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Nítorí ènìyàn méjìlá, òfin táàbù dúró, ó sì ń bẹ nínú Make títí di òní. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohun tí a bá fi lé aráyé lọ́wọ́ kò rọrùn láti gbà padà.

Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ Kitware, ní ìpínlẹ̀ New York, bẹ̀rẹ̀ CMake. Ibi ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà fún ìmọ̀ ìṣègùn ni ó san owó fún iṣẹ́ tí ó bí i. Iṣẹ́ náà ni ITK, àkójọ ètò fún wíwo àti ṣíṣe ìtúpalẹ̀ àwòrán inú ara ènìyàn. Àwọn onímọ̀ tí yóò lò ó kò ní irú kọ̀ǹpútà kan náà: àwọn kan ń lo Windows, àwọn mìíràn ń lo Unix. CMake kì í túmọ̀ kóòdù fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń wo irú kọ̀ǹpútà tí ó bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀, yóò sì kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún ètò tí ó bá wà níbẹ̀, ìbáà ṣe Make tàbí òmíràn. Ní ọdún 2006, KDE, ẹgbẹ́ ńlá kan tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, bẹ̀rẹ̀ sí lo CMake. Láti ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí Kitware kò mọ̀ rí sì ti ń mú mọ́dúlù wá fi kún un.

Kí ni mọ́dúlù? Fáìlì kan ni, tí ó ní iṣẹ́ pàtó kan nínú, tí ẹnikẹ́ni sì lè pè wá ran òun lọ́wọ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni mọ́dúlù awárí. Bí àpẹẹrẹ, kì í ṣe ibì kan náà ni zlib máa ń wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Mọ́dúlù tí a ń pè ní FindZLIB ni yóò wá a kiri, tí yóò sì padà wá jíṣẹ́ pé òun rí i tàbí pé òun kò rí i. Ẹni tí ó pè é kò ní láti mọ ọ̀nà tí ó gbà wá a. Nítorí náà ni ìlànà fi ṣe pàtàkì: ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìránṣẹ́ tí kò mọ̀ rí gbọ́dọ̀ mọ bí ìránṣẹ́ náà yóò ti hùwà.

Ìlànà kìíní jẹ mọ́ orúkọ. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ mọ́dúlù awárí gbọ́dọ̀ fi Find bẹ̀rẹ̀, kí orúkọ ohun tí ó ń wá sì tẹ̀ lé e. Gbogbo èsì tí ó bá mú wá gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ohun náà pẹ̀lú. FindZLIB yóò fi ZLIB_FOUND sọ bóyá òun rí zlib tàbí òun kò rí i. Yóò fi ZLIB_INCLUDE_DIRS sọ fódà tí àwọn fáìlì rẹ̀ wà. Yóò sì fi ZLIB_LIBRARIES tọ́ka sí àká náà gan-an. Bí mọ́dúlù bá ní orúkọ tí ó ń lò nínú ilé ara rẹ̀ nìkan, àṣà ni láti fa ìlà kékeré kan sí ìsàlẹ̀ níwájú orúkọ náà, kí ará òde lè mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀ láti fọwọ́ kàn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Mọ́dúlù ogún tàbí ọgbọ̀n lè wọ inú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí méjì nínú wọn bá pe èsì wọn ní VERSION lásán, èyí tí ó dé kẹ́yìn yóò pa ọ̀rọ̀ èyí tí ó kọ́ dé rẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi bàjẹ́.

Àwọn KDE ní àkójọ mọ́dúlù tiwọn tí a ń pè ní Extra CMake Modules. ECM ni orúkọ àwọn mọ́dúlù tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ilé wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, ecm sì ni àṣẹ inú wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ecm_add_tests. Bí ilà ojú ti ń fi ìdílé ènìyàn hàn láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá pàdé àṣẹ yìí nínú fáìlì ti ń mọ ilé tí ó ti wá. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré náà ṣe pàtàkì. CMake kò bìkítà bóyá lẹ́tà ńlá ni a fi kọ àṣẹ tàbí lẹ́tà kékeré, ṣùgbọ́n ó bìkítà gidigidi nípa orúkọ èsì: ZLIB_FOUND kì í ṣe zlib_found rárá. Lẹ́tà ńlá ni àwọn àgbà fi ń kọ àṣẹ tẹ́lẹ̀; lẹ́tà kékeré ni àṣà òde òní. Ní ọdún 2012, a yí àwọn àṣẹ inú fáìlì CMake fúnra rẹ̀ padà sí lẹ́tà kékeré kí gbogbo wọn lè rí bákan náà.

Ìlànà kejì jẹ mọ́ ìwà. Àlejò ni mọ́dúlù jẹ́ nínú iṣẹ́ ẹni tí ó pè é. Àlejò rere kì í pariwo nígbà tí onílé bá ní kí ó dákẹ́, kì í tú ẹrù onílé, kì í sì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ onílé síta. Bí onílé bá sọ ọ̀rọ̀ QUIET, mọ́dúlù kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí kò bá rí ohun tí ó ń wá. Bí onílé bá sọ REQUIRED, tí mọ́dúlù kò sì rí ohun náà, ìgbà náà nìkan ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Bí kò bá sọ ọ́, kí mọ́dúlù jíṣẹ́ pé òun kò rí i, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Ètò kan lè fẹ́ zlib bí ó bá wà, kí ó sì lè ṣe é láìsí i. Onílé ni ó ní àṣẹ láti pinnu èyí. Kí olúkúlùkù má baà máa hùmọ̀ ọ̀nà tirẹ̀, àṣẹ kan wà, find_package_handle_standard_args, tí ń ṣe gbogbo èyí bí ó ti yẹ. Àwọn KDE tilẹ̀ fi kún un pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, iṣẹ́ tí ń pa orúkọ ara rẹ̀ mọ́ sínú ilé ni kí a kọ, kì í ṣe èyí tí ń tú wọn dà sínú ilé ẹni tí ó pè é.

Ìlànà kẹta ni pé mọ́dúlù kò gbọdọ̀ dá wá ní ìhòòhò. Ní òkè fáìlì, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ń sọ irú àṣẹ ìlò tí a fi fún aráyé. Èyí tí CMake ń lò ni a ń pè ní BSD 3-Clause. Lẹ́yìn èyí ni àlàyé yóò tẹ̀ lé e: ohun tí mọ́dúlù ń wá, èsì tí ó ń mú wá, àti bí ènìyàn ṣe lè tọ́ ọ sọ́nà bí ohun náà bá wà ní ibi tí kò wọ́pọ̀. Inú fáìlì mọ́dúlù gan-an ni a ń kọ àlàyé yìí sí, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń mú un wọ inú ìwé atọ́nà CMake. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Bí àlàyé bá wà ní ibì kan, tí iṣẹ́ sì wà ní ibòmíràn, ẹni tí ó tún iṣẹ́ ṣe lè gbàgbé láti tún àlàyé ṣe, àlàyé yóò sì di irọ́. Ìdánwò tún gbọ́dọ̀ bá a wá, tí yóò fi hàn pé mọ́dúlù náà ń ṣe ohun tí ó sọ. Ẹni tí kò bá mú ìdánwò wá ń sọ fún àwọn alábòójútó pé kí wọ́n gba òun gbọ́ lásán ni.

Ìlànà kẹrin jẹ mọ́ ìrísí. Nínú àwọn mọ́dúlù CMake, àlàfo méjì ni a fi ń sún ìlà tí ó wà lábẹ́ òmíràn wọlé, a kì í sì í lo táàbù. Ibí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ráhùn. Wọ́n a ní, "Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin àlàfo méjì àti mẹ́rin, kí ni ariwo wà fún?" Òtítọ́ ni pé ẹ̀rọ CMake kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ń ka kóòdù. Kí a tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni wọlé, ènìyàn ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí a sì máa ń fi hàn án ni àwọn ìlà tí ó yí padà. Bí ẹnì kan bá tún ìlà kan ṣoṣo ṣe, tí ó sì tún sún igba ìlà mìíràn síwá sẹ́yìn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kí wọ́n rí, ìlà kan tí ó ṣe pàtàkì yóò sọnù láàrin igba. Àṣìṣe lè gba ibẹ̀ wọlé láìsí ẹni tí ó rí i. Nítorí náà, ìrísí kan náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ó ń jẹ́ kí ojú olùyẹ̀wò ríran.

Ìlànà karùn-ún ni ó wúwo jù lọ: ìlérí ni orúkọ. Nígbà tí mọ́dúlù bá ti jáde, àwọn tí a kò mọ̀ yóò kọ́ ilé lé orí rẹ̀. FindZLIB ti ń fi ZLIB_VERSION_STRING sọ ẹ̀dà zlib tí ó rí láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ZLIB_VERSION ni ó bá ìlànà mu. Nígbà tí a mú orúkọ tí ó tọ́ wọlé nínú ẹ̀dà 3.26 ní ọdún 2023, a kò lè ju ti àtijọ́ dànù lójú ẹsẹ̀; àwọn méjèèjì ni a jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ Python tún ju èyí lọ. Mọ́dúlù méjì ni CMake ní tẹ́lẹ̀ fún èdè Python. FindPythonInterp ń wá ètò tí ń ka èdè náà, FindPythonLibs sì ń wá àká rẹ̀. Olúkúlùkù ń dá lọ. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ní ẹ̀dà Python méjì, ọ̀kan lè mú èyí tí ó dàgbà wá, kí èkejì mú èyí tí ó kéré wá, kí àwọn méjèèjì má sì bá ara wọn mu. Ìwé atọ́nà ní láti máa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé FindPythonInterp ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ní ọdún 2018, nínú ẹ̀dà 3.12, a gbé mọ́dúlù tuntun jáde, FindPython, tí ń wá ohun méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè bá ara wọn mu. Àtúnṣe dé, ṣùgbọ́n àwọn méjì ti àtijọ́ kò ṣeé lé lọ. Ọdún 2023 ni a tó kéde, nínú ẹ̀dà 3.27, pé wọ́n ti kúrò, síbẹ̀ iṣẹ́ tí kò tíì gba òfin tuntun náà ṣì lè máa rí wọn lò, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Ọdún márùn-ún ni ó kọjá láàrin ọjọ́ tí àtúnṣe dé àti ọjọ́ tí a kéde ìkúrò.

Ọgbọ́n tí CMake fi ń ṣe èyí ti wà láti ẹ̀dà 2.6 ti ọdún 2008. Olúkúlùkù iṣẹ́ a máa kọ sí òkè fáìlì rẹ̀ irú ẹ̀dà CMake tí a fi òfin rẹ̀ kọ ọ́, CMake yóò sì bá a lò gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà. Ṣùgbọ́n sùúrù náà ní òpin. CMake 4.0, tí ó jáde ní ọdún 2025, kò gba iṣẹ́ tí ó bá béèrè òfin tí ó ṣáájú ẹ̀dà 3.5 mọ́. Àwọn tí ó fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láìtọ́jú ní láti jí dìde kí wọ́n tún un ṣe.

Nítorí gbogbo èyí ni àwọn alábòójútó CMake kì í fi í yára gba mọ́dúlù awárí tuntun. Gbígbà á dàbí gbígba ọmọ ọlọ́mọ tọ́: ẹni tí ó mú un wá lè lọ ní ọ̀la, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á ni yóò máa bọ́ ọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ jù lónìí ni pé kí ẹni tí ó ni àká iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ fáìlì tí yóò fi ibi tí àká náà wà han CMake, kí ó sì fi í sínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ilé ni ó mọ ibi tí ó fi ìlẹ̀kùn sí. Kò yẹ kí àjèjì máa fọwọ́ tá ògiri kiri láti wá a.

Láti inú àwọn ìlànà wọ̀nyí, akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé òfin iṣẹ́ àjọṣe kì í ṣe láti fi ni ènìyàn lára. Kò sí àgbà tàbí ọmọdé, onílé tàbí àlejò, tí a kì í bi ní ìbéèrè kan náà: Ǹjẹ́ orúkọ náà tọ́? Ǹjẹ́ ó mọ ìwà hù nínú ilé onílé? Ǹjẹ́ àlàyé àti ìdánwò bá a wá? Ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè kà á? Ǹjẹ́ orúkọ tí a fi fún un yóò ṣeé pè ní ọdún mẹ́wàá sí i? Wákàtí díẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ mọ́dúlù lónìí. Bí ó bá fò wọ́n dá, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò fi ọdún púpọ̀ san gbèsè náà.